Ọjọ́ Tí Ó Kan Ìwé Òjò Bàbá Mi

Lẹ́yìn tí òjò Ọjọ́bọ̀ ti rọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bí òfin ṣe là á sílẹ̀, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ pè wá. Ó ń yẹ gbogbo ìwé òjò àtijọ́ wò, ó sì ti kan ti bàbá mi, ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélógójì wọn òjò ìlú wa ní àràárọ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ bá ti bá irọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, odidi rẹ̀ ni yóò pa rẹ́.

Ẹ̀rọ náà ní, "Ìbídùn, ní ọjọ́ kan ní ọdún ọ̀dá, bàbá yín kọ òjò mílímítà méjì sílẹ̀. Òjò kò rọ̀ ní ìlú mìíràn lọ́jọ́ náà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo rí i tí bàbá mi ń kọ òdo lójoojúmọ́, tí ojú rẹ̀ ń fà ro, mo sì lọ bu omi sínú agolo tó fi ń wọn òjò.

Mo wo bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ gbẹ táútáú lọ́jọ́ náà, ìwọ alágídí yìí. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́, Bàámi?"

"Ohun tí a bá bá nínú agolo là ń kọ. Wọn ò ní ká yan èyí tó wù wá. Dá a lóhùn, má fi àkókò ṣòfò."

Mo ní, "Òjò kò rọ̀. Èmi ni mo bu omi sí i."

Ẹ̀rọ náà dúpẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ọdún mọ́kànlélógójì ti pa rẹ́.

Bàbá mi ní mo ṣe dáadáa. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ń bọ̀, kì í gbójú sókè mọ́.