Ẹni Tí Kò Kágò: Ìtàn Olújìmí àti Ẹ̀rọ Ìfọ́kúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń bá wí, àmọ́ kò sí ẹni tí kò kàn.

1.
Lọ́dún 1986, ilé iṣẹ́ ìfọ́kúta kan wà lọ́nà Kọ́bapẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ àpáta níbẹ̀ ní ẹnu tó lè gba odidi màlúù. Bí òkúta bá há sí i lẹ́nu, ènìyàn ló ń wọ inú rẹ̀ lọ yọ ọ́. Fọ́máànù wọn, Bàbá Láwàlì ará Igbein, wá fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yọ irin ọwọ́ súìṣì kúrò lára ògiri, kó fi okùn so ó mọ́ ìdí ara rẹ̀. Láìsí irin yẹn, kò sí ẹni tó lè tan ẹ̀rọ. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìka ẹnìkan kò gé.

Nígbà tó yá, Ẹnjiníà Olújìmí ti ìlú òyìnbó dé. Ó mọ̀wé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀wé. Ó fi ẹ̀rọ náà sábẹ́ kọ̀ǹpútà. Nínú ètò tó kọ, atọ́ka kan wà tó ń fi ibi tí àṣẹ wà han kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fagi lé àṣẹ, ẹ̀rọ á dúró, atọ́ka á sì di òfìfo, kò ní nà síbì kankan mọ́. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kọ̀ǹpútà á tẹ̀lé atọ́ka náà lọ wò bóyá àṣẹ tuntun ti wà.

Olújìmí kò ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ bèèrè bóyá atọ́ka náà nà síbì kan. Ó kàn ń tẹ̀lé e lọ ni. Lórí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ẹni tó bá tẹ̀lé òfìfo, òdo ló máa bá níbẹ̀, òdo sì túmọ̀ sí "dúró". Ọdún mẹ́ta kọjá, aburú kankan kò ṣẹlẹ̀. Olújìmí ní kí wọ́n yọ irin ọwọ́ súìṣì dànù. Bàbá Láwàlì kò dà á nù, abẹ́ àga rẹ̀ ló fi í sí.

2.
Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì gbé ètò kan náà sórí rẹ̀. Tẹjúmádé, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Olújìmí, ka ètò náà, ó sì tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, a ò bi atọ́ka yìí bóyá ó nà síbì kan ká tó tẹ̀lé e."

"Ká bi í fún kí ni? Òdo la máa bá níbẹ̀."

"Lórí ti àtijọ́ nìyẹn, sà. Ta ló ṣèlérí ẹ̀ fún wa lórí tuntun? Ṣé torí pé ẹ ò bá ẹnikẹ́ni nílé onílé lánàá, ẹ ò wá ní kágò lónìí? Ìlà kan péré ni. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́."

"Nígbà tí mò ń kọ ètò yìí, ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà? Jókòó jẹ́ẹ́!"

Ẹ gbọ́ o. Ìlà kan péré!

3.
Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ láìdúró, gbogbo ènìyàn sì ń yin Olújìmí. Ní ọjọ́ karùn-ún, lágogo mọ́kànlá òwúrọ̀, òkúta há. Olújìmí fagi lé àṣẹ, ẹ̀rọ dákẹ́. Jùbrílù, àkọ́bí Bàbá Láwàlì, mú irin tí wọ́n fi ń tú òkúta.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ ti pa á?"

"Mo ti pa á. Wọlé."

Ìṣẹ́jú márùn-ún pé. Kọ̀ǹpútà tẹ̀lé òfìfo lọ. Lórí ti tuntun yìí, kì í ṣe òdo ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó kà á, ó kà á sí "ṣiṣẹ́".

Ẹ̀rọ bú ramúramù. Eyín irin pàdé lórí ẹsẹ̀ Jùbrílù méjèèjì. "Bàámi o! Bàámi, ó ń jẹ mí o!" Olújìmí ń tẹ "dúró", ó tún ń tẹ "dúró", kọ̀ǹpútà kò dá a lóhùn: atọ́ka ti ṣófo, kò sí àṣẹ kankan tó máa fagi lé. Egungun itan fọ́, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ gbé e mì dé ìbàdí, lẹ́yìn náà dé àyà, igbe náà sì dákẹ́. Tẹjúmádé ló sáré já wáyà iná. Nígbà yẹn, òkúta tó ń jáde nísàlẹ̀ ti pọ́n.

4.
Bàbá Láwàlì kò sunkún. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó mú irin ọwọ́ súìṣì jáde.

"Ìwọ lo ní kó wọlé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀…"

"O ò mọ̀. Ṣé o bèèrè?"

Ó fi irin náà gbá a lẹ́nu, eyín mẹ́ta fò jáde. Olújìmí gbé apá sókè, apá náà ṣẹ́. Ìkẹta bà á lójú ọ̀tún, ojú náà fọ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló di bàbá náà mú kó má baà pa á.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ìwọ̀nba ohun tí wọ́n rí kó jọ lára Jùbrílù sí Igbein. Nígbà tí ọlọ́pàá bá Olújìmí lórí ibùsùn nílé ìwòsàn, tí wọ́n bi í pé ta ló lù ú, ó ní, "Orí òkúta ni mo ṣubú lé."

5.
Tẹjúmádé kọ ìlà kan yẹn sínú ètò náà. Wọ́n dá irin ọwọ́ súìṣì padà sára ògiri.

Olújìmí ń dá gbé ní Ìbarà, olójú kan. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ pé bó bá ti ìta dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara rẹ̀ tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, á ní, "Àgò onílé o." Á dúró pẹ́ kó tó wọlé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín. Pé nǹkan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín kò ní kó ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọdé tó rí ohun tí o ò rí, má sì sọ ìṣọ́ra àgbà nù nítorí pé o kàwé. Ibi tí o rò pé ó ṣófo, bèèrè kí o tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lo fi ń dánwò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

Abèèrè kì í ṣìnà. Olújìmí kò bèèrè, Jùbrílù ló sì san án.