Omi Tó Ń Ṣàn Nínú Yàrá Ọmọ Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ìyá Àràmátù, aránṣọ ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó ń gbé ní àdúgbò Atong Abè, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìdílé wa lọ́jọ́ Iléyá ọdún 2025. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí.

1.
Akíndàmọ́lá ni orúkọ ọkùnrin náà. Libreville níbí, ní Gabon, ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ló sì ń ṣe. Inú gbogbo wa dùn nígbà tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní àdúgbò Glass ní kó wá ṣe yàrá mẹ́fà fún àwọn ọmọ tuntun àti ìdílé wọn. Yàrá mẹ́fà! Ó kọ́kọ́ kọ́ ẹyọ kan, ó wá pe ìyàwó rẹ̀, Símilolúwa, tó lóyún, àti ìyá rẹ̀, Màmá Adétóun, kí wọ́n wá wò ó.

Ẹ̀yin ará, yàrá náà rẹwà! Fèrèsé gíláàsì kọjú sí òkun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri òkúta sínú adágún kékeré kan.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Háà! Akin, o ti gbé òkun wọlé! Èmi ńkọ́? Níbo ni màá jókòó sí bí mo bá wá gbé ọmọ?"

"Màmá, ilé ìwòsàn nìyí o, kì í ṣe pálọ̀ yín. Ẹ wá kí wọn, kí ẹ máa lọ."

Símilolúwa ní, "Chéri, ọkọ mi, yọ omi yìí, kí o fi àga síbẹ̀."

"Àga? Ta ló máa ya fọ́tò àga?"

2.
Fọ́tò yàrá náà kárí gbogbo WhatsApp, gbogbo ènìyàn sì ń yin Akíndàmọ́lá. Madame Peggy, olùdarí ilé ìwòsàn náà, ní kí wọ́n pe àwọn ìyá tó ti bímọ níbẹ̀ wá wò ó kí wọ́n tó kọ́ èyí tó kù. Akíndàmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Bí a bá pe ìyá mẹ́wàá, ẹjọ́ mẹ́wàá la máa gbọ́." Bí wọn kò ṣe pe ẹnikẹ́ni nìyẹn.

3.
Àfi lójijì tí oyún Símilolúwa kò dúró pé oṣù! Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin jáde. Ó ń mí dáadáa, ó kàn kéré jọjọ ni. Ta ni kò ní yọ̀? Yàrá tí bàbá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbé e lọ!

Léontine, agbẹ̀bí, ní àyà ènìyàn ló máa mú ọmọ yìí gbóná, kí awọ kan awọ, tọ̀sán-tòru, kí ìyá àti ìyá àgbà máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá Adétóun ti tú bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò jókòó? Wọ́n gbé àga wá, kò gba ibẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì kò rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n pa omi, òkúta adágún ṣì wà níbẹ̀. Símilolúwa gbá ọmọ mọ́ àyà títí ojú abẹ fi ń ta á, ó ní kí wọ́n gbà á. Màmá dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó tutù, títí ó fi kígbe.

"Ẹ gbà á! Ẹ gbà á kí n tó ṣubú!"

Léontine gbà á, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Ó ti ń tutù. Ẹ ò lè dúró síbí mọ́."

"Kí wọ́n kúrò nínú yàrá mi kẹ̀?" Akíndàmọ́lá béèrè.

Símilolúwa wò ó. "Ọmọ rẹ ń tutù, ọ̀rọ̀ yàrá lo ń sọ?"

4.
Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí ìyá mẹ́ta ti ń pín yàrá kan. Ọ̀dà ògiri ti ń bó, àmọ́ àga ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Màmá fẹ̀yìn tì, ó fi ọmọ sáyà, wọ́n da aṣọ bò wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ figbe ta! Àwọn ìyá yòókù hó yèè! Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Ọmọ yè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ. Madame Peggy gba yàrá márùn-ún tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Sidonie, ayàwòrán ilé mìíràn, tó kọ́kọ́ pe àwọn ìyá jọ kó tó fa ìlà kankan. Àwọn tó ń yin Akíndàmọ́lá tẹ́lẹ̀ kò pè é mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra fún ìyìn! Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún ènìyàn, ẹ bi ẹni tó máa lò ó kí ẹ tó po sìmẹ́ǹtì. Bí ó bá sì dáhùn, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kàn wo fọ́tò kò ní bá yín gbé ọmọ.

Akíndàmọ́lá fúnra rẹ̀ gbé òòlù lọ fọ́ ògiri omi náà. Láti ibẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì bẹ ìyàwó rẹ̀. Màmá ní, "Mo ti gbọ́. Dìde, wá gbé ọmọ rẹ, apá ń ro mí." Sátidé ni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún 2025.