Ohun Tó Pa Àgbò Tíṣà

"Ẹ là á kí gbogbo wa rí i," ni tíṣà sọ fún alápatà tó lọ pè wá láti ọjà Akẹ̀sán. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àgbò Iléyá rẹ̀ wú, tó sì kú. Tíṣà fa kọfí ọwọ́ rẹ̀ mu. "Ohun tó pa àgbò mi ni yóò pa ẹni tó fún un jẹ."

"Àmín," ni àwọn ará ilé dáhùn. Ohùn Ìyá Zulaikha, ayálégbé bíi tirẹ̀ tí tíṣà ń fura sí pé ó fún àgbò náà ní májèlé jẹ, ló ròkè jù.

Alápatà fi ọ̀bẹ la ikùn òkú ẹran náà. Gbogbo wọn fọwọ́ bomú. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òfìfo ọ̀rá kọfí ló ń fà jáde, ó lé ní ogójì, wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìfun.

"Irú ẹ̀gbin wo rèé? Ta ló ń mu kọfí nínú ilé yìí?" ni alápatà bi wọ́n.

Gbogbo ojú yí sí ife ọwọ́ tíṣà. Ó rọra tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù.