Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tó Dí Oòrùn Mọ́ Aládùúgbò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá sọ pé ó ti yé yín. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́.

1.
Ní Arámọkọ, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rìnlá tó ti fẹ̀yìn tì para pọ̀ ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí oko kòkó parí sí. Wọ́n pè é ní Àdúgbò Ìmọ́lẹ̀. Moyinolúwa, ọmọbìnrin kan láti ìlú Ìkòrò tó kọ́ nípa ètò ìlú, ló ya pláànù fún wọn. Ó ní kí gbogbo ilé jẹ́ ilé ilẹ̀, kí òrùlé wọn dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, kí àyè sì wà láàárín wọn kí òjìji ilé kan má baà bo òmíràn. Wọ́n to páńẹ́lì sólà sórí òrùlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wáyà so gbogbo wọn mọ́ bátìrì ńlá kan. Ilé tí iná rẹ̀ bá ṣẹ́ kù a fún èyí tí tirẹ̀ kò tó.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, iná tí wọ́n ń rí ti ju èyí tí wọ́n ń lò lọ. Wọ́n bá fa wáyà dé ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, àwọn nọ́ọ̀sì kò fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí mọ́. Ẹ wo ohun tí oòrùn ọ̀fẹ́ ṣe!

2.
Ilé kan ṣoṣo ni kò tíì parí, ti Bàbá Samuel Ògúntóyè, tó ti ṣe ọ̀gá ńlá rí ní iṣẹ́ ìjọba ní Adó. Èèyàn dáadáa ni, ó lawọ́, ó sì máa ń pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò fẹ́ kí ilé òun bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba. Ó ní kí àwọn bíríkìlà gbé e ga di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, kí òrùlé rẹ̀ sì ní ṣóńṣó mẹ́rin.

Moyinolúwa lọ kúnlẹ̀ kí i. Ó ṣàlàyé pé apá ìlà oòrùn ni ilẹ̀ rẹ̀ wà, pé bí ilé náà bá ga, òjìji rẹ̀ yóò máa bo ilé Màmá Lydia, aládùúgbò rẹ̀, àti ilé méjì tó tẹ̀ lé e láràárọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo ni oòrùn ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín, sà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ dí i mọ́ ẹlòmíràn."

Bàbá ní kó máa lọ. Janet ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, etí dídi ló kọ sí i.

3.
Ilé parí, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n Màmá Lydia, opó àgbàlagbà tó ń ta ẹja dídì, kì í rí oòrùn lórí òrùlé rẹ̀ mọ́ títí di aago mọ́kànlá. Àwọn aládùúgbò ló ń fi iná tiwọn gbé fíríìsà rẹ̀. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ṣóńṣó mẹ́rin tí Bàbá fi ṣe fáàrí ń bo páńẹ́lì tirẹ̀ náà. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́jọ ló sì wà nínú ilé náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sí àjà kẹta. Iná ilé mẹ́rin ni òun nìkan ń lò. Kò pẹ́, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù fún ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tún padà sí tọ́ọ̀ṣì.

Àdúgbò pèpàdé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pa díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Inú bí i. Ó já wáyà rẹ̀ kúrò lára tiwọn, ó lọ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, ó ní kí wọ́n máa jẹ oòrùn wọn. Òjìji ilé rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀, iná kò sì tíì tó dé ilé ìgbẹ̀bí.

4.
Ọjọ́ ìṣílé pé, nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ooru ń mú bí ààrò. Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, wá, àwọn ọmọ ìjọ wá, àwọn ọ̀rẹ́ wá láti Adó. Bàbá ní àjà kẹta ni kí gbogbo wọn jókòó sí, kí wọ́n lè máa wo gbogbo Arámọkọ nísàlẹ̀.

Fíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Sáàmù ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá dákẹ́. Wọ́n ṣe é títí, kò dáhùn. Gíláàsì ni gbogbo fèrèsé ibẹ̀, kò ṣeé ṣí, amúlétutù ni wọ́n gbójú lé. Omi náà kò gòkè mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ti mú kí aṣọ Fíkà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Màmá Lydia gbọ́, ó ránṣẹ́ pé omi tútù wà lọ́dọ̀ òun, fáànù sì ń fẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkejì tẹ̀ lé e. Fíkà pa Bíbélì dé, ó ní ìsàlẹ̀ ni àwọn yóò ti ka Sáàmù náà parí. Janet gbé ìkòkò ìrẹsì, òun náà bá wọn lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nísàlẹ̀. Bàbá nìkan ló kù lókè, láàárín ogójì àga.

Nígbà tó yá, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Màmá Lydia fa àga sábẹ́ fáànù, ó fi èdè Èkìtì pè é.

"Samuel, jókòó. Ulé rẹ ni ibí náà."

Bàbá jókòó, ó mu omi tán. "Màmá, aago mélòó ni oòrùn máa ń dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Mọ́kànlá. Ṣáájú ìgbà yẹn, èmi àti òjìji rẹ la jọ ń gbé."

Bàbá tẹ orí ba, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

5.
Bàbá fúnra rẹ̀ ló pe àwọn bíríkìlà padà. Ohun tó fi ọdún méjì kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wó o. Àjà méjì lọ, gíláàsì lọ, ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Àdánù ńlá ni. Moyinolúwa ya òrùlé tuntun fún un, wọ́n sì so wáyà rẹ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì kan gun òkè wá, ó ń jó bọ̀: iná ti padà, wọ́n sì ti gbẹ̀bí ìbejì. Bàbá ló kọ́kọ́ dìde bá a jó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Adó ṣì ń pè é ní Alájà Mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ kíyè sára. Bí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ wo ibi tí òjìji yín yóò bọ́ sí. Ẹ má fi ìgbéraga gba ohun tí Ọlọ́run fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.