Ọkùnrin Tó Ń Jókòó Sẹ́yìn

Olùkọ́ obìnrin kan bojú wẹ̀yìn nígbà tó gbọ́ tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn kíláàsì pa látinú. Ọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn ni. Oṣù mẹ́ta ni obìnrin yìí ti ń kọ́ni nípa àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù tí ọba sọ sẹ́wọ̀n torí wọ́n sọ pé mẹ̀kúnnù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí kò béèrè nǹkan kan rí, àfi kó máa kọ nǹkan sínú ìwé kan. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ni.

Obìnrin náà kọjú sí i. "Ọ̀gá, ìtàn àtijọ́ lásán ni mò ń kọ́ wọn."

"Ohun tí mo sọ fún àwọn ọ̀gá mi nìyẹn, mà. Wọn ò gbà. Wọ́n ti ń bọ̀ wá mú yín." Ó na ìwé náà sí i. "Àwọn ìbéèrè tí ojú ń tì mí láti bi yín ló wà níbẹ̀. Tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ bá mi dáhùn wọn."

Ìró bàtà ti ń dún bọ̀ lọ́nà. Ọkùnrin náà ṣí fèrèsé, obìnrin náà gba ìwé náà, ó sì bẹ́ jáde. Bó ṣe ń sá lọ, ó gbọ́ tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé.

"Olùkọ́ dà?"

"Ẹ jókòó," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi ni mò ń kọ́ni lónìí."