Garrick àti Ilé Funfun Etí Òkun

Garrick Lindahl gbọ́n, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀ ló ti gbọ́n jù. Kì í gba ìmọ̀ràn, kì í sì í ka òfin tán kó tó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ìwà yìí ló sin ín dé etí òkun, òun náà ló sì dá a padà pẹ̀lú ìtìjú.

Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Áíówà ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ṣì máa ń bo ilẹ̀ nínú oṣù kẹta. Oṣù náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pinnu láti wa mọ́tò lọ sí etí òkun ní Alabámà, ní ìhà gúúsù. Corinne ni ọ̀kan, ó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Emmett ni ìkejì, ọmọ àgbẹ̀ àgbàdo, tí kò fojú kan òkun rí. Oṣù karùn-ún ni yóò gboyè, tí yóò sì padà sí oko bàbá rẹ̀. Bí kò bá rí òkun lọ́dún náà, kò mọ ìgbà tó tún kù.

Láti oṣù kọkànlá ni Corinne ti mú àbá wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè gba àyè àgọ́ nínú ọgbà ìjọba. Kò wọ́n. Ká gbé búrẹ́dì dání, ká máa gba ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ara wa."

Garrick bú sẹ́rìn-ín. "Àgọ́ kẹ̀? Ṣé sójà ni wá ni? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi jàre. Ilé gidi ni mo máa wá, tí ẹ ó ti máa wo òkun látorí bẹ́ẹ̀dì. Owó rẹ̀ ò sì ní pa yín lára."

"Ọ̀gá wa," ni Emmett wí, "a ti gbà fún ọ."

Ẹni tó bá joyè àwòdì gbọ́dọ̀ lè gbé adìẹ. Garrick rí ilé kan lóòótọ́ lórí fóònù rẹ̀, ó funfun báláú, owó rẹ̀ sì rọjú. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò gbọdọ̀ gbà á, nítorí ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Garrick kọ ọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun.

"Ṣé o ka òfin wọn?" ni Corinne béèrè.

"Àwọn tí kò gbọ́n ni wọ́n ń ṣòfin fún."

Kò sí ẹni tí kò fi fọ́tò ilé náà hàn. Ìyá rẹ̀ pàápàá ti fi ṣe fáàrí fún gbogbo àdúgbò.

Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi wakọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Mìsísì Ledbetter, ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ilé náà, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ni Garrick?"

"Èmi ni, mà."

"Mú láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ wá kí n wò ó, ọkọ mi."

Ó wo ọdún ìbí tó wà lára láísẹ́ǹsì, ó wo ojú Garrick. "Háà! Lórí fóònù o ti gbó, o wá dé ọ̀dọ̀ mi o tún di ọmọdé. Oògùn wo lo lò? Fún mi níbẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lápò ìyá náà. Owó tí wọ́n ti san, wọn kò ní dá a padà, òfin ilé náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé àlejò àti ọgbà àgọ́ ìlú náà ló ti kún.  Emmett kàn kọjú sí ibi tí ìró òkun ti ń wá lẹ́yìn àwọn ilé.

Corinne ṣí fìlà rẹ̀. "Mà, a ti ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi yìí kò rí òkun rí. Ṣé ẹ mọ ibi tá a lè sùn?"

Ìyá náà wo Emmett. "Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sùn. Orí ilẹ̀ ni o! Láàárọ̀, ẹ ó bá wa tún òrùlé tí ìjì ṣí ṣe. Lọ́sàn-án, òkun di tiyín. Èmi ni mo máa ń se edé fún wọn."

"Kí èmi Garrick wá fi ìsinmi mi kan ìṣó?" ni Garrick wí. "Mo ń lọ sílé."

"Jókòó jàre," ni Emmett wí. "Kí ni ilẹ̀ ṣe fún ọ?"

"Ẹ̀yin ẹ máa sùn síbẹ̀."

Bọ́ọ̀sì ni Garrick wọ̀ lọ. Ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé: ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Emmett dúró nínú òkun dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí òòlù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti Corinne ti bo òrùlé opó kan. Wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tó ni òkun.

Garrick lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Yìnyín ń já bọ́ nígbà tó dé họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì. Ó fi káàdì tó ń ṣílẹ̀kùn kàn án, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìwé kan wà lára rẹ̀: wọ́n ti ti họ́sítẹ́ẹ̀lì pa fún ìsinmi, àfi ẹni tó bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ láti oṣù kejì. Wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Garrick kò kà á dé ìdajì.

Ó dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, kó tó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi."

"Gbé ọ níbo? Ní etí òkun?"

"Rárá, mà. Nínú yìnyín."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó díẹ̀ rìnrìn àjò, kó tètè múra, kó ka òfin délẹ̀, kó sì gbọ́ tàwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Kí á má ṣe tìtorí ìgbádùn purọ́. Bí a bá sì ti ṣìṣe, ká gbà pé a ṣìṣe, nítorí ìtìjú kì í pa ẹni tó bẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fi yangàn ju ilé tí a fi irọ́ gbà lọ. Ìgbéraga ni kì í jẹ́ kéèyàn gba ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ wọlé, tí a ó fi wá dúró níwájú èyí tí wọ́n ti tì.