Chin-chin Ìyá Ìjọ

Ìyá Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ju chin-chin kan sẹ́nu, kó lè mọ bí igbó tó gbìn sí bálíkónì, tó sì pò mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, ṣe máa ṣiṣẹ́ fún orúnkún tó ń dùn ún, ni Pásítọ̀ bá wọlé. Kó tó rí àwo gbé pamọ́, Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i, ó ti bù ú jẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ó ti bà jẹ́!”

“Ẹ̀yin náà ṣáà ń jẹ ẹ́, Mummy.”

Ìyá Ìjọ wá há. Bó bá jẹ́wọ́, ìjọ á gbọ́. Bó bá dákẹ́, Pásítọ̀ á máa rẹ́rìn-ín bíi wèrè lórí pẹpẹ nírọ̀lẹ́.

Pásítọ̀ rọra jẹ ẹ́ tán, ó bojú wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mummy, igbó inú èyí ò le tó. Màá ní kí ìyàwó mi fi tiwa ránṣẹ́.”